Ẹsẹ̀ Bàtà Márùn-ún Tó Lé

Láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, obìnrin kan máa ń ti bárò gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ kọjá lọ sí pápá. Irú ẹrù márùn-ún ló máa ń wà nínú bárò náà: àpò funfun mẹ́ta tí iyanrìn kún inú wọn, pátákó pẹlẹbẹ kan, garawa ẹfun, èèkàn irin méjì, àti okùn ọ̀rá gígùn kan tí ó ká jọ dáadáa. Àwọn ará àdúgbò ti mọ ìró táyà bárò yìí débi pé àwọn kan kì í wo aago mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, aago méje ti lù nìyẹn.

Bí ẹ bá pè é ní aránṣọ, yóò tún un ṣe fún yín: agéṣọ ni òun. Òun ni olórí àwọn tó ń gé aṣọ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ àwọn, òun ló yọ ọ́ lọ́rùn ìyàwó òun ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá Téèpù ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Ọdún mọ́kànlá nìyí tí Ìyá Téèpù ti ń ṣe olórí líìgì bésíbọ́ọ̀lù àwọn àgbà. Àwọn kan máa ń sọ pé ogójì ènìyàn ló wà níbẹ̀. Àsọdùn ni, méjìdínlógójì ni wọ́n, nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ọgbọ̀n ọdún láàárín wọn. Ohun tó máa ń ya obìnrin yìí lẹ́nu, tí kò tíì yé e di òní olónìí, ni pé wọ́n ń wá. Awakọ̀ tó ti jókòó sídìí ọkọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, tí ìbàdí ń ro ó, á wá. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì láti ìdájí á wá, ìyẹ̀fun á ṣì wà létí rẹ̀. Wọ́n á fi báńdéèjì di orúnkún, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ tó ti ń ya, wọ́n á sì dúró sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta gbáko nítorí bọ́ọ̀lù kan tí kò ju ìkúùkù lọ. Ìyá Téèpù á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa wò wọ́n, ara rẹ̀ á sì bù máṣọ.

Eré náà kò le láti ṣàlàyé. Ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn fi igi gbá a, ó sọ igi sílẹ̀, ó sì sáré lọ sí bésì kìíní. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ àpò tó wà níbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó dé, yóò sì dúró níbẹ̀ títí ẹni tó kàn yóò fi gbá bọ́ọ̀lù, kó tó sáré lọ sí bésì kejì. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú, kò dé, kó padà lọ jókòó. Níbòmíràn, onídàájọ́ ló ń sọ ẹni tó dé. Wọ́n ní onídàájọ́ nínú líìgì yìí lọ́dún àkọ́kọ́, àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti bá mẹ́ta jà, kò sẹ́ni tó tún gbà láti ṣe é. Ni Ìyá Téèpù bá fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tó sáré ni yóò máa sọ. Gbogbo ojú á yí sí i, á ní "Mo dé" tàbí "Mi ò dé," ọ̀rọ̀ bùṣe.

Gbogbo ènìyàn ló rò pé òfin yẹn kò ní pé oṣù kan. Ní ọdún kẹfà, mẹkáníìkì kan tó tóbi bí àgbá sáré wọ inú eruku lọ́jọ́ àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ní òun dé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gba ife. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Mi ò dé." Ìyá Téèpù ti bárò rẹ̀ délé lọ́jọ́ náà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Òfin kejì tó ṣe ló wá fẹ́ gé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Olórí tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ máa ń jókòó sábẹ́ agboòrùn, á máa fi fèrè darí àwọn tó ń làágùn. Nígbà tó kan Ìyá Téèpù, ó ní ẹni tó bá máa ṣe olórí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sáré, àti pé bí sáà kan bá parí tí olórí kò dé bésì kìíní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó gbé bárò fún ẹlòmíràn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti ìgalà. Ó ti di méjìdínlọ́gọ́ta báyìí. Ìgbà mẹ́tàdínlógójì ló ti sáré ní sáà yìí, ìgbà mẹ́tàdínlógójì ló sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "Mi ò dé." Eré kan ṣoṣo ló kù. Oníṣègùn eyín tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n rò pé yóò gba ipò náà, òun náà sì ti ń wo bárò yẹn bí ó ṣe máa ń wo eyín tó fẹ́ yọ.

Kì í ṣe ipò ló ń dun Ìyá Téèpù. Ohun tó ń dùn ún ni pé bí ó bá gbé bárò náà sílẹ̀, kò mọ ohun tí òun yóò fi ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe, kò sì mọ ẹni tí òun yóò jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú eré ìkẹyìn, ó ń yẹ àwọn téèpù wò lórí tábìlì ìgéṣọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí téèpù aláṣọ máa ń gùn sí i bí wọ́n bá ń lò ó. Ó mú ti obìnrin tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì, ó nà án sí ẹ̀gbẹ́ tuntun. Ó fi ìbú ìka kan gùn jù ú lọ.

"Ẹ wò ó," Ìyá Téèpù ní. "Gbogbo ìbàdí tí ẹ fi eléyìí wọ̀n láti oṣù tó kọjá, irọ́ ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ fà á, ẹ jàre," ni obìnrin náà dáhùn láìgbé ojú sókè. "Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ pé 'Ẹ fà á kó le! Ẹ fà á kó le!' Tí a bá wá fà á, tó bá wá gùn, ẹ tún máa bínú."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Téèpù kò rẹ́rìn-ín. Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti là á láti gé téèpù àtijọ́ náà sí méjì, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Fà á kó le. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló máa ń sọ fún àbúrò rẹ̀ ní pápá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Ọlọ́run dá, bí òun bá di ìdí kan mú lára okùn ọ̀rá tí wọ́n gé sí ẹsẹ̀ bàtà àádọ́rùn-ún láti fi wọn ibi bésì, tí àbúrò di ìkejì. Ọdún mọ́kànlá. Nínú òjò, nínú oòrùn. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í sọ fún un pé kò tíì le tó.

Ó yá téèpù onírin lọ́wọ́ káfíńtà tó wà ní òdìkejì òpópónà.

Àbúrò rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì, bá a ní pápá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí aago méje kọjá díẹ̀. Ọkùnrin yìí kò sí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣègùn eyín ló wà, òun ló sì ń ṣọ́ bésì kìíní fún wọn. Wọ́n gún èèkàn, wọ́n na okùn láti ibi pátákó, tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ sí bésì kìíní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà Ìyá Téèpù tẹ́ téèpù onírin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

"Ó yẹ kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà àádọ́rùn-ún, àbí?" Àbúrò tẹ̀ ba, ó wò ó, ó tún wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, irin yìí kò dáa."

"Mo ní kí o kà á."

"Márùndínlọ́gọ́rùn-ún."

Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá Téèpù fi ẹfun sàmì sí ibi tí àádọ́rùn-ún bọ́ sí, ó sì wo ilẹ̀ náà. Níbi tí bésì kìíní wà, ilẹ̀ ti pá, ẹsẹ̀ ti jẹ koríko tán. Ojúlówó bésì kò ju àwo ńlá kan lọ, àmọ́ ojú ilẹ̀ tó pá náà gùn gbọọrọ bí ẹni tó nà gbalaja. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹfun wà, koríko tuntun ti ń hù padà. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Gbogbo nǹkan yìí ti wà nílẹ̀ lójú ọ̀sán gangan, ènìyàn méjìdínlógójì ń gun orí rẹ̀ kọjá, kò sí ẹnì kan tó kà á.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan koríko náà. Ìnṣì díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ojú lè rí i. Pápá náà ń gùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àwọn náà ń sáré, wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé ọjọ́ ogbó ti dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò rẹ̀ ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé koríko lè gbọ́, "ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyìí lónìí. Lónìí ṣáá. Bí ẹ bá sún bésì mọ́lé lọ́jọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ dé ibẹ̀, kí lẹ rò pé wọ́n á sọ? Wọ́n á ní ẹ gé pápá mọ́ ẹsẹ̀ ara yín. Sáà tó ń bọ̀, ká tún un ṣe."

"Sáà tó ń bọ̀, èmi kọ́ ni n óò máa tò ó."

"Ìyẹn náà ni mo ń sọ."

"Nítorí náà, kí n gbé àpò síbi tí kì í ṣe ibi rẹ̀, pẹ̀lú ojú mi tó là, kí àwọn ènìyàn lè rò dáadáa nípa mi?" Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. "Gbé àpò yẹn wá síbi ẹfun, lẹ́yìn náà ká tún ti bésì yòókù wọ̀n. Kò tọ́ tẹ́lẹ̀, a ò mọ̀. A ti mọ̀ báyìí."

Bí àwọn ènìyàn ṣe ń dé ni ó ń pè wọ́n jọ. Bàbá Lẹ́tà ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ìwé tí ó fi ń kọ àmì-ayò sílẹ̀ lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin sì ni. Títí di ọdún méjì sẹ́yìn, òun náà ń sáré. Ọjọ́ tí ó jáwọ́, ó ní ẹsẹ̀ òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín àfi òun.

Ìyá Téèpù kò yí ọ̀rọ̀ po. Ó sọ ti okùn, ó sọ ti téèpù onírin, ó ní òun lòun fà á, pé òun ló sì ń sọ pé kó le. Oníṣègùn eyín ló kọ́kọ́ ya ẹnu.

"Háà! Ìyá Téèpù!" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Lónìí tí ẹ fẹ́ sáré ìkẹyìn lẹ wá gé pápá kúrú, bí ẹni gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò! Ẹ kúkú ní ká gbé bésì wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà ilé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kùn. Ìyá Téèpù na téèpù onírin sí i.

"Dókítà, gbà. Wọ̀n ọ́n fúnra rẹ."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi téèpù sílẹ̀, ó dúró síbi ẹfun, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni ń sáré, ẹsẹ̀ náà sì balẹ̀ níbi tí bésì wà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìgbésẹ̀ kan. Odidi ìgbésẹ̀ kan ló wà láàárín ibi tó yẹ kí wọ́n dé àti ibi tí wọ́n ń sáré lọ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Mo ra bàtà tuntun," ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo jáwọ́ nínú ṣúgà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ara mi ti ń bà jẹ́."

Àwọn àgbàlagbà wọ̀nyẹn dúró yí ká ilẹ̀ gbọọrọ náà, olúkúlùkù ń wo ìgbésẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ń ka nǹkan lórí ìka. Mẹkáníìkì náà ṣí fìlà, ó dì í mú sí àyà. Ìyá Téèpù wo ojú wọn, ó sì rí i pé kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dé bésì tó jìn yẹn. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tó ń dàgbà sáré kọjá ohun tí òfin ní kí wọ́n sá, wọ́n sì dé. Wọn kò mọ̀ pé àwọn lágbára tó bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ mi," Bàbá Lẹ́tà ní, "ìyẹn ni pé lọ́dún méjì sẹ́yìn, n kò tíì darúgbó?"

"Ẹ ti darúgbó, Bàbá," Ìyá Téèpù dáhùn, nítorí kò lè parọ́. Omi ti wà lójú rẹ̀. "Àmọ́ kò tíì tó bí mo ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Bàbá Lẹ́tà na ìwé àmì-ayò sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi wá ìbọ̀wọ́ kan," ó ní.

Ìyá Téèpù gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n tó túká. "Ó ku nǹkan kan. Ìgbà mẹ́tàdínlógójì tí mo sáré, ibi tó jìn yẹn ni mo sáré lọ. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí tèmi wà níbẹ̀ lónìí. Kí ti ẹ̀yin yòókù wà níbi tó tọ́."

"Bésì kìíní méjì nínú pápá kan?" Bàbá Lẹ́tà ti ń wọ ìbọ̀wọ́. "Nínú òfin wo? Fi hàn mí."

Ìyá Téèpù wo ibi tó jìn náà, ó tún wo ibi ẹfun.

"Ìwọ tí o máa ń tún gbogbo wa ṣe, ó kàn ọ́ lónìí," Bàbá Lẹ́tà ní. "Àádọ́rùn-ún ni. Fún ẹni gbogbo. Lọ mú igi rẹ."

Oníṣègùn eyín wo ilẹ̀, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà méjì àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, inú afẹ́fẹ́ ló lọ, wọ́n sì hán an kó tó kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá hán kì í jẹ́ kí ẹni tó gbá a sáré rárá. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n, gbogbo pápá mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ̀ dúró ní bésì kìíní, kò wo ojú rẹ̀. Bí àbúrò bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé, àwọn méjèèjì sì mọ èyí.

Bọ́ọ̀lù dé. Ó gbá a. Kò lọ jìnnà. Ó ń fò tọ́ntọ́n lórí ilẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, Ìyá Téèpù sì ti sọ igi sílẹ̀. Ó sáré. Kò gbọ́ ariwo kankan, èémí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó na gbogbo ara síwájú láti gba bọ́ọ̀lù tí oníṣègùn eyín jù sí i, apá rẹ̀ gùn tán pátápátá, kò ṣojúsàájú rárá. Àpò funfun náà súnmọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù sọ pàà nínú ìbọ̀wọ́.

Ó sáré kọjá, ó dúró, ó yíjú padà. Gbogbo ènìyàn ń wò ó.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ṣáájú, ó fi díẹ̀ báyìí ju ìró náà lọ. Àmọ́ ó tún mọ̀ pé ká ní ibi tó jìn yẹn ni àpò wà, bọ́ọ̀lù ni ìbá ṣáájú. Ìgbà mẹ́tàdínlógójì ni ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà létè rẹ̀, ó fẹ́ jáde fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò tún un ṣe. Wọ́n á kàn yìn ín pé kò mọ tara rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ohun tó ń dùn ún ló máa ń gbà pé ó tọ́. Kò tíì gbìyànjú láti gba èyí tó dùn mọ́ ọn rí, ó sì rí i pé ó le jù.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò rẹ̀ ní, "ẹ sọ̀rọ̀."

"Mo dé," ó ní.

"A ò gbọ́!" Oníṣègùn eyín fi ọwọ́ sẹ́yìn etí láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni tí kò gbọ́.

"Mo ní mo dé!"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń pariwo lé wa lórí? Ṣebí a lójú!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo pápá bá a pa á, ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyá Téèpù padà sórí àpò, ó dúró. Ó ti pẹ́ tó ti rí pápá láti ibí yìí gbẹ̀yìn. Ilà ẹfun funfun náà ta lọ títí lójú rẹ̀, àwọn ènìyàn dúró sí àyè wọn káàkiri koríko, olúkúlùkù tẹ̀ díẹ̀ síwájú, ọwọ́ ń bẹ lórí orúnkún, wọ́n ń dúró de nǹkan kan. Ọ̀run tóbi lórí wọn. Ní ibi pátákó, Bàbá Lẹ́tà ti bọ́ síta pẹ̀lú igi ẹnì kan tó gùn jù fún un, ó ń gbọn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń gbọn ti òsì, bí ẹni tí ìlẹ̀kùn ilé púpọ̀ wà níwájú rẹ̀ láti kàn. Ara Ìyá Téèpù bù máṣọ. Ó gbàgbé ohun tó kàn láti ṣe.

Igi kan bọ́ọ̀lù, ó dún gbọ̀ngán.

"Ẹ̀gbọ́n!" àbúrò rẹ̀ kígbe sí i létí. "Ṣé ibí lẹ fẹ́ kọ́lé sí ni? Bésì kejì ń bẹ níwájú. Ẹ sáré!"

Ó sáré.